Ọrùn, Apá, Ìṣẹ́tí: Bí A Ṣe Ń Fi Ọnà Ààbò Íjíbítì Àtijọ́ Ṣe Aṣọ Àgbékọ́ Tòde Òní

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ka Bíbélì Yorùbá ti mọ aṣọ ọ̀gbọ̀. Òun ni Fáráò fi wọ Jósẹ́fù lọ́jọ́ tó fi í jẹ olórí ilẹ̀ Íjíbítì. Irúgbìn ni ọ̀gbọ̀. Wọ́n ń rẹ igi rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ sómi, wọ́n ń lù ú, wọ́n sì ń ran án di òwú. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ wọ̀ ọ́ nígbà ayé wọn, wọ́n sì fi wé òkú wọn. Ara aṣọ yìí náà ni wọ́n ń fi àwọn àmì tí wọ́n gbà pé ó ń ṣọ́ ènìyàn sí.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ọnà wọn rán nǹkan, ojú Horus, àmì ààbò tó jẹ́ ojú òrìṣà wọn kan, ni mo lẹ̀ káàkiri aṣọ kan, ó lé ní ogún. Aṣọ náà dùn ún wò, ṣùgbọ́n mo mọ̀ lọ́kàn mi pé kò ṣọ́ ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí mo rí àwòrán ẹ̀wù Tutankhamun, Fáráò kan tó gorí oyè lọ́mọdé, ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1922 ni Howard Carter, awalẹ̀pìtàn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, rí ibojì ọba kékeré yẹn, aṣọ sì pọ̀ níbẹ̀ bí nǹkan míì ṣe pọ̀. Ẹ̀wù ọ̀gbọ̀ kan wà lára wọn tí wọ́n ṣe ọnà sí lọ́rùn. Ọnà náà ni ankh, àmì ìyè, orúkọ ọba sì wà lára rẹ̀. Ankh ní òrùka lókè, apá méjì àti ẹsẹ̀ kan. Ihò ọrùn ẹ̀wù yẹn gan-an ni òrùka rẹ̀, ẹnu tí wọ́n là sílẹ̀ níwájú àyà sì bọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wọ̀ ọ́ fún ọba, inú ìyè ni orí rẹ̀ ń gbà jáde.

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ibi tí a fi àmì sí ni iṣẹ́ àmì náà. Ọrùn, apá àti ìṣẹ́tí ni aṣọ ti ń ṣí sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ara ti ń yọ síta, ibẹ̀ náà sì ni ohun búburú lè gbà wọlé. Ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín láti ṣe nìyí: ẹ̀wù kan tí a máa gbé kọ́ sára ògiri, tí a sé ẹnu rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì bí ó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ nìkan ni ẹ ráyè.

Ohun tí a máa lò

Ẹ ra aṣọ òwú funfun tí kò ní ọnà kankan, ìbú rẹ̀ 72 sẹ̀ǹtímítà, gígùn rẹ̀ 202. Bàfùtà dáa. Bí ẹ bá rí ọ̀gbọ̀ fúnra rẹ̀ rà, ó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ sì lọ̀ ọ́ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, nítorí ó máa ń súnkì. Ẹ wá ègé aṣọ búlúù kan tó fẹ̀ tó àpò ìrọ̀rí, àti pupa díẹ̀. Okùn òwú roboto tó nípọn tó okùn bàtà, mítà mẹ́fà. Abẹ́rẹ́ ọwọ́, òwú funfun, búlúù àti pupa, píìnì, àlùmọ́gàjí tó mú dáadáa, téèpù, ṣọ́ọ̀kì télọ̀, ìwé ńlá kan, èédú tí ẹ lọ̀ kúnná, ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ kan, àti ọ̀pá igi tó gùn tó 90 sẹ̀ǹtímítà.

Ẹ má fi àwọ̀ kún àwọ̀ ju báyìí lọ. Ọ̀gbọ̀ kì í gba aró bọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ aṣọ Íjíbítì fi wà ní funfun bó ṣe wà. Nínú àwọn àmì wọn, búlúù ni ti ojú ọ̀run àti omi. Pupa léwu díẹ̀. Òun ni àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ Isis, òrìṣà obìnrin wọn. Wọ́n ń fi òkúta pupa gbẹ́ àmì rẹ̀ bíi kókó okùn, wọ́n sì ń fi sí ọrùn òkú kí ó má bàa rí ibi. Òun náà ni àwọ̀ Seth, òrìṣà oníjàgídíjàgan. Nítorí náà, mo máa ń fi pupa ṣe ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan.

Ká aṣọ sí méjì

Ẹ̀wù àwọn èèyàn ìgbà Tutankhamun kò ní gígé púpọ̀. Aṣọ gbọọrọ kan ni wọ́n ń ká sí méjì, wọ́n á gé ihò sí ojú ibi tí wọ́n ti ká a, wọ́n á sì rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ibi tí ọwọ́ máa gbà nìkan ni wọ́n ń fi sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa máa ṣe é. Ẹ ká etí méjèèjì tó jẹ́ ìbú wọlé ní sẹ̀ǹtímítà kan, kí ẹ rán an. Lẹ́yìn náà, ẹ ká odindi aṣọ náà sí méjì kí ó di 100 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù tẹ ojú ìká náà kí ó hàn gbangba. Ẹ má tíì rán ẹ̀gbẹ́.

Ọrùn

Ibí ni kí ẹ ti lo sùúrù jù. Ọ̀nà tí a máa gbà ya àmì náà, ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ Káírò ni mo ti mú un. Lẹ́bàá ẹnubodè Bab Zuweila, tí wọ́n kọ́ ní 1092, òpópónà kan wà tí wọ́n bo lórí. Khayamiya lorúkọ rẹ̀, àdúgbò àwọn tó ń rán àgọ́ ni. Títí dòní, àwọn ọkùnrin ń jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń lẹ aṣọ aláwọ̀ mọ́ aṣọ, abẹ́rẹ́ ọwọ́ lásán ni wọ́n sì ń lò. Wọ́n á ká ìwé, wọ́n á ya ọnà sí ìdá kan rẹ̀, wọ́n á sì fi abẹ́rẹ́ lu ojú ìlà náà níhò wẹ́wẹ́. Bí wọ́n bá tú ìwé náà, ọnà ti pé níhà gbogbo. Wọ́n á tẹ́ ìwé sórí aṣọ, wọ́n á fi èédú lílọ̀ nù ún, èédú á sì gba ojú ihò bọ́ sára aṣọ.

Ẹ ká ìwé yín sí méjì nítorí pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ankh dọ́gba. Ẹ wọ̀n ọ́n báyìí. Àárín òrùka náà wà ní sẹ̀ǹtímítà 4 sí ojú ìká, níhà iwájú. Láti àárín yẹn dé etí inú òrùka jẹ́ 7, ó sì jẹ́ 10 dé etí òde. Lókè, òrùka náà á ré kọjá èjìká sí ẹ̀yìn díẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 11 sẹ̀ǹtímítà sí ojú ìká, ó nípọn ní 3, ó sì nà dé 10 ní ọ̀tún àti ní òsì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ní 5, ó sì gùn dé 32. Ẹnu tí a máa là kò ní kọjá 25. Ẹ rí i pé ẹsẹ̀ àmì náà gùn ju ẹnu yẹn lọ. Mo fẹ́ kí ó dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pa.

Ẹ lu ihò sí ojú ìlà, kí ẹ da èédú sínú ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ di í, kí ẹ sì máa fi rọra gbá orí ìwé náà. Ẹ má fà á. Bí ẹ bá fà á, èédú á tàn sára aṣọ funfun, yóò sì nira láti fọ̀ kúrò.

Ẹ wá fi ìwé kan náà gé ankh nínú aṣọ búlúù, kí ẹ fi ìdajì sẹ̀ǹtímítà lé e yíká. Ẹ má lu ihò àárín rẹ̀. Ẹ fi píìnì mú un mọ́ ojú àmì èédú, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí rán etí rẹ̀ láti òde. Ní Khayamiya, etí aṣọ kì í hàn: bí abẹ́rẹ́ ṣe ń lọ ni wọ́n ń fi ṣóńṣó rẹ̀ ti etí náà sábẹ́, tí wọ́n á sì fi òwú kékeré kan dì í mú. Ní ibi tó bá tẹ̀ kọ́rọ́, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé etí náà wẹ́wẹ́ kí ó lè tẹ̀ láìhunjọ.

Ìgbà tí gbogbo etí òde bá ti lẹ̀ tán ni kí ẹ tó gé ihò. Ẹ gé aṣọ méjèèjì pọ̀, sẹ̀ǹtímítà kan sínú ìlà ihò ọrùn. Ẹ gé etí rẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ yí i wọ inú, ẹ rán an. Lẹ́yìn náà kí ẹ la ẹnu láti ìsàlẹ̀ ihò dé 25. Ní ìparí rẹ̀ kí ẹ gé e bí ẹsẹ̀ adìẹ, kí etí ọ̀tún àti òsì lè yí wọlé láìya. Ẹ rán ìdí ẹnu náà ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ibẹ̀ ni aṣọ ti ń kọ́kọ́ ya.

Orúkọ inú okùn

Ẹ ti rí àpótí gbọọrọ tí orúkọ Fáráò máa ń wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe àpótí. Okùn ni, wọ́n yí i ká orúkọ ọba, wọ́n sì ta kókó sí ìdí rẹ̀. Orúkọ tí okùn yí ká, nǹkan kan kò lè bà á jẹ́, èrò wọn nìyẹn.

Ẹ ronú sí ẹni tí ẹ ń ṣe aṣọ yìí fún. Ẹ fi òwú búlúù rán orúkọ rẹ̀, tàbí oríkì rẹ̀ bíi Àṣàkẹ́ tàbí Àkànní, sí inú ẹ̀wù náà níhà ẹ̀yìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 5 sẹ̀ǹtímítà sí ojú ìká, kí ẹ má kọjá 9, kí ìbú rẹ̀ má sì ju 10 lọ. Ẹ fi àmì ohùn sí i. Ẹ tẹ́ okùn yí i ká, fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ dè é mọ́lẹ̀, kí ẹ sì ta kókó kan sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹ bá gbé ẹ̀wù náà kọ́, ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ yóò rí orúkọ yẹn láti inú òrùka ìyè.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe da lẹ́tà Íjíbítì tí ẹ kò lè kà sí i. Mo ti rí aṣọ títà ní ọjà tí wọ́n fi àwòrán ẹyẹ àti ejò kún láìní ìtumọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ ni àwọn àmì yẹn, àwọn èèyàn fi wọ́n sọ̀rọ̀ fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún.

Àyà: ẹ má yà á

Láti nǹkan bí 700 ọdún ṣáájú ìbí Krístì, wọ́n ń tẹ́ àwọ̀n ìlẹ̀kẹ̀ búlúù sórí òkú, wọ́n sì ń fi ère yímíyímí tó ní ìyẹ́ méjì sí àyà rẹ̀. Yímíyímí tí a mọ̀ náà ni, kòkòrò tó ń yí ìgbẹ́. Wọ́n rí i tó ń ti nǹkan roboto lọ, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ṣe ń yí, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ti kú yóò ṣe tún wà.

Níbí, ẹ fi ìwé àti èédú sílẹ̀. Ní abúlé Harrania, lẹ́bàá Giza, Ramses Wissa Wassef, ayàwòrán ilé ọmọ Íjíbítì, dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ó kó àwọn ọmọ abúlé jọ síbẹ̀ láti hun aṣọ aláwòrán. Kò gbà kí wọ́n ya àwòrán sílẹ̀ kí wọ́n tó hun ún. Kò gbà kí wọ́n wo iṣẹ́ ẹlòmíì kí wọ́n dà á kọ, kò sì gbà kí àgbàlagbà bá iṣẹ́ wọn wí. Igi, ẹyẹ àti omi tó wà láyìíká wọn ni wọ́n hun, iṣẹ́ wọn sì dé àwọn ilé ọnà ńláńlá lágbàáyé.

Nítorí náà, ẹ wo àwòrán yímíyímí abìyẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ pa á dé. Ẹ mú àlùmọ́gàjí, kí ẹ gé tiyín nínú aṣọ búlúù láìyà á. Ó lè jẹ́ yímíyímí, ó lè jẹ́ ohun míì tí ẹ fẹ́ kó máa ṣọ́ ilé yín. Mo gé lékèélékèé ní èyí tí mo ṣe gbẹ̀yìn, ìyẹ́ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, n kò sì tún un ṣe. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà ẹ̀wù láàárín 36 sí 52 sẹ̀ǹtímítà. Òwú pupa ni kí ẹ fi rán an. Bí òwú bá tán, ẹ má gé ìdí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ lójú aṣọ. Ghada Amer, tí wọ́n bí ní Káírò ní 1963, ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe àwòrán sórí kánfáàsì, ó sì máa ń jẹ́ kí ìdí òwú rọ̀ kalẹ̀ bí irun. Ẹni tó bá rí i mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ló kọjá níbẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ àti apá

Èyí kò gba àkókò. Ẹ dojú aṣọ dé, kí ẹ rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti ìṣẹ́tí lọ sókè, sẹ̀ǹtímítà kan sínú, kí ẹ fi 25 sílẹ̀ lókè fún apá. Ẹ ká etí apá wọlé, kí ẹ fi òwú pupa rán an yíká ní ẹsẹ̀ kéékèèké tó hàn. Ìlà pupa yẹn ni olùṣọ́ ibẹ̀.

Ìṣẹ́tí

Ìṣẹ́tí ni ẹnu tó fẹ̀ jù lára ẹ̀wù, òun sì ni mo fẹ́ràn jù láti ṣe. Láàárín ọ̀rúndún kẹrin sí ìkeje lẹ́yìn ìbí Krístì, àwọn ará Íjíbítì ń fi irun àgùntàn aláwọ̀ hun ọnà sínú ẹ̀wù ọ̀gbọ̀ wọn: ní ọrùn, ní ẹnu ọwọ́, ní èjìká, lẹ́bàá orúnkún. Wọ́n sin òkú wọn pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, iyanrìn gbígbẹ ilẹ̀ náà sì pa á mọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí a rí púpọ̀ nínú rẹ̀ ní ìlú Akhmim àti Antinoe ní Íjíbítì. Nínú ọnà wọ̀nyí, okùn ń gba orí àti abẹ́ ara wọn kọjá títí, ẹ kò ní rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ kò ní rí òpin rẹ̀. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ ṣe ni pé ojú burúkú tó bá bọ́ sórí rẹ̀ á máa tọ okùn náà kiri ni, kò ní ráyè dé ara ẹni tó wọ ẹ̀wù.

Bí a bá fẹ́ kí tiwa má lópin lóòótọ́, òǹkà ló máa ṣe é. Ìṣẹ́tí yín yíká jẹ́ 140 sẹ̀ǹtímítà báyìí. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan yíká ní 3.5 sẹ̀ǹtímítà sókè ìṣẹ́tí, kí ẹ sì fi àmì sí i ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin mẹ́rin. Ó máa jẹ́ àmì 35. Ẹ kọ nọ́ńbà sí wọn. Lórí àmì kọ̀ọ̀kan ni okùn yóò ti gba ara rẹ̀ kọjá. Ìdí tí mo fi yan 35 ni pé kò ṣe é pín sí méjì dọ́gba. Bí ó bá jẹ́ 34 tàbí 36, òrùka okùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ máa ní. Pẹ̀lú 35, okùn kan ṣoṣo ló máa yí aṣọ ká lẹ́ẹ̀mejì, tí yóò sì padà bá orí ara rẹ̀.

Ẹ gé okùn mítà mẹ́rin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí àmì 1. Ẹ tẹ́ okùn bí omi ṣe ń ru: láti 1 sí 2 ẹ gba òkè, ó ga ju ìlà lọ ní sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀, láti 2 sí 3 ẹ gba ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ máa fi òwú búlúù dè é mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń lọ, àfi lórí àmì 2, 4, 6 àti gbogbo èyí tó bá jẹ́ méjì-méjì títí dé 34. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi okùn sílẹ̀ láìdè, kí ohun míì lè gba abẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá yí i ká tán, ẹ ó padà dé àmì 1. Ẹ gba orí rẹ̀ kọjá, ẹ má dè é níbẹ̀, kí ẹ sì máa lọ. Ní ìyípo kejì yìí, ibi tí okùn àkọ́kọ́ ti gba òkè ni ti èkejì yóò gba ìsàlẹ̀. Ní àwọn àmì 3, 5, 7, ẹ gba orí okùn àkọ́kọ́. Ní 2, 4, 6, ẹ ti okùn gba abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá tún dé àmì 1, ẹ ti ìdí okùn bọ abẹ́ èyí tó wà lókè níbẹ̀, kí ẹ gé ohun tó kù, kí ẹ sì rán ìdí àti orí okùn náà pọ̀ níbi tí ojú kò ti lè rí i. Ẹ wá de gbogbo ibi tí ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ fi ìka tọ okùn náà. Bí ẹ bá rí ibi tó ti gba orí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra láìgba abẹ́, ẹ tú u dé ibẹ̀ kí ẹ tún un ṣe. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun èèyàn láti tú iṣẹ́, ṣùgbọ́n kókó tó bá já níbì kan ti já.

Kókó méje

Ó ku ẹnu tí a là sí àyà. Ìwé pápírọ́ọ̀sì kan wà ní Berlin lónìí tó kún fún ọ̀rọ̀ ààbò fún ìyá àti ọmọ. Nínú rẹ̀, wọ́n ní kí a ta kókó méje sí okùn, ọ̀kan ní òwúrọ̀, ọ̀kan ní ìrọ̀lẹ́, títí yóò fi pé, kí a sì so ó mọ́ ọrùn ọmọ.

Ẹ gé okùn tó kù ní mítà kan. Ẹ lu ihò kékeré kan sí apá ọ̀tún ankh àti ọ̀kan sí ti òsì, ẹ̀gbẹ́ ẹnu náà gan-an, kí ẹ rán etí ihò náà dáadáa. Ẹ rán ìdí okùn mọ́ inú aṣọ lápá òsì, ẹ fà á gba ihò òsì jáde, ẹ ki í bọ ihò ọ̀tún láti iwájú, kí ẹ sì fà á jáde láti inú ẹnu náà. Ẹ fún un díẹ̀ kí ẹnu pa pọ̀. Èyí tó kù yóò rọ̀ sílẹ̀ sí iwájú àyà.

Ẹ ta kókó kìíní sí i ní òwúrọ̀, èkejì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Kókó keje yóò bọ́ sí òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin. Bí ẹ bá ta á tán, ẹ ki ọ̀pá bọ apá méjèèjì, kí ẹ sì gbé e kọ́ sí ojú ẹnu ọ̀nà.